Orin Ohùn Mẹ́rin Tí Kò Ní Ọ̀gá

Nígbà tí ẹni tó ń ta fíólà nínú ẹgbẹ́ olórin mẹ́rin ìlú náà kú, erùpẹ̀ ibojì rẹ̀ kò tíì gbẹ tán tí àwọn mẹ́ta tó kù fi ránṣẹ́ pe obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe awò ojú. Ẹ̀gbọ́n fáyólìn ni fíólà. Ó fi díẹ̀ tóbi jù ú lọ, ohùn rẹ̀ sì wà láàárín bí ohùn áòtò nínú kọ́áyà. Bó bá wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni kì í kíyè sí i. Bó bá kúrò, orin á kàn tẹ́ bí ọbẹ̀ tí wọn ò fi iyọ̀ sí.

"Fún ìgbà díẹ̀ ni o, Àǹtí," ni olórí wọn wí fún un lọ́jọ́ náà. "Kí a tó rí ẹni gidi."

Àǹtí Awò, bí gbogbo ènìyàn ṣe ń pè é nítorí iṣẹ́ rẹ̀, ní kò burú. Ìgbà díẹ̀ di ọdún, ọdún gorí ọdún. Irun orí olórí wọn funfun báláú, ìgbà díẹ̀ kò parí, ẹni gidi náà kò sì dé.

Dókítà Eléyín ni olórí yìí. Eyín ló ń tọ́jú fáwọn ènìyàn láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Ẹtì, ṣùgbọ́n tó bá di ọjọ́ Sátidé, fáyólìn kìíní ló ń ta. Ọwọ́ rẹ̀ já gaara, kò sẹ́ni tó lè bá a jiyàn ìyẹn, òun náà kò sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbàgbé. Tíṣà ló ń ta fáyólìn kejì. Ìṣirò ló ń kọ́ àwọn ọmọ, ohun méjì ló sì ń bà á lẹ́rù láyé: kó ṣi orin kà, àti kí Dókítà wò ó. Ẹni tó ń ta ṣẹ́lò, èyí ńlá tí wọ́n ń gbé sáàárín orúnkún méjèèjì, ni Ọ̀gá Póòsì tó ti fẹ̀yìn tì nílé ìfìwéránṣẹ́. Ó sanra, ó ń rọra sọ̀rọ̀, bó bá sì ti jókòó ti ṣẹ́lò rẹ̀, a ò ní mọ èwo ló gbé èkejì dání.

Pálọ̀ Dókítà ni wọ́n ti ń pàdé. Àǹtí Awò ló máa ń kọ́kọ́ dé. Á to àga, á gbé àwọn irin tí wọ́n ń tẹ́ bébà orin lé dúró, á gbẹ́ ẹnu pẹ́ńsù. Bí wọ́n bá parí, á tún kó gbogbo rẹ̀ padà sáyè wọn. Kò sẹ́ni tó rán an níṣẹ́, kò sì sẹ́ni tó ní kó má ṣe é mọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti rí láti kékeré. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni bàbá wọn ra fáyólìn fún. Àpótí fáyólìn ni wọ́n ní kí òun máa bá a gbé lọ sọ́dọ̀ olùkọ́. Àbúrò rẹ̀ yìí, bọ́ọ̀lù ló gbà á lọ́kàn. Ọjọ́ tó bá ti fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, olùkọ́ á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á wo òkè, á wo ilẹ̀, á wá wo ọmọbìnrin tó gbé àpótí dání. "Ó dáa, ìwọ wọlé. Kí ọjọ́ má ṣòfò." Àyè tí ẹlòmíràn fi sílẹ̀ ló fi kọ́ orin. Níbi iṣẹ́ náà, òun ló kọ́ ọ̀gá yàrá wọn báyìí bí wọ́n ṣe ń rẹ́ gíláàsì, bí wọ́n ṣe ń gbé e sójú iná kí wọ́n lè rí ibi tó wọ́. "Àǹtí, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi!" lọ̀gá náà máa ń pariwo níwájú àlejò. Lẹ́yìn náà á padà sínú ọ́fíìsì rẹ̀, á sì ti ilẹ̀kùn.

Gbogbo èyí ló ń gbé mì. Ohun tí kò gbé mì ni ọ̀rọ̀ kóòtù.

Wọ́n ṣeré ní gbọ̀ngàn ìlú lọ́jọ́ kan, àwọn ènìyàn pàtẹ́wọ́ títí. Bí wọ́n ṣe sọ̀ kalẹ̀ lórí pèpéle, akọ̀ròyìn kan dé pẹ̀lú kámẹ́rà rẹ̀. Ó to àwọn ọkùnrin mẹ́ta náà sórí àga. Ó wá yíjú sí Àǹtí Awò, ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀, ó ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wọn di kóòtù wọn mú, kó má bàa hàn nínú fọ́tò."

Ó wo Dókítà. Dókítà ń tún kọ́là ọrùn rẹ̀ ṣe. Ó wo Tíṣà, Tíṣà ń wo bàtà. Ọ̀gá Póòsì la ẹnu bí ẹni fẹ́ sọ̀rọ̀, kámẹ́rà sì ti dún pàà. Nígbà tí ìwé ìròyìn jáde, ọkùnrin mẹ́ta àti àga òfìfo kan ló wà nínú rẹ̀. Ẹnìkan níbi iṣẹ́ gé e, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

"Àǹtí, àwọn ènìyàn yín rèé! Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Èmi ni mo di kóòtù mú."

Wọ́n rẹ́rìn-ín kèékèé. Òun náà bá wọn rín. Ṣùgbọ́n nígbà tó délé, sí yàrá méjì tó ń gbé lókè ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tún bàtà ṣe, kò dáná. Ó fa àga sẹ́bàá fèrèsé, ó mú bébà onílà orin, ó sì wo bébà náà títí.

Ohun tó kọ́kọ́ kọ kì í ṣe ọgbọ́n ńlá kan. Ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ fọ́tò ni: *Èmi náà wà níbí.* Ọ̀rọ̀ wa kò kúkú jìnnà sórin. Ó kàn tẹ̀ lé ohùn rẹ̀ bó ṣe ń lọ: *èmi* bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀, *náà* gòkè ó tún já wálẹ̀, *wà* wọlẹ̀ bí ẹni fìdí jókòó, *níbí* wá nàró lókè, kò sì bọ́ sílẹ̀ mọ́. Fíólà ló gbé e fún. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan lójú bébà. Ohùn lásán ni.

Láti ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin tí kò ní ọ̀gá. Àárọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́, ìrọ̀lẹ́ tó bá ti dé, ìdí ẹ̀ ló wà. Ohun tí fíólà bá dá sílẹ̀, fáyólìn kejì ni á gbà á lẹ́nu rẹ̀, ṣẹ́lò á wá bá wọn parí rẹ̀. Kò sí èyíkéyìí nínú wọn tó lè dá gbólóhùn kan sọ tán láì jẹ́ pé ẹnìkejì ràn án lọ́wọ́. Ní apá kejì orin náà, fáyólìn kìíní á gbé ọ̀pá tí wọ́n fi ń ta á sórí itan, á dákẹ́, á máa gbọ́. Ìdákẹ́ náà gùn. Kì í ṣe ìyà ló fi ń jẹ ẹ́ o. Nígbà tó bá padà wọlé, abẹ́ àwọn tó kù ni á gbà wọlé jẹ́jẹ́, bí ẹni fi èjìká ti ẹrù ọmọnìkejì.

Òun nìkan ló ń kọ ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́nu, á kọ ti òkè, á sáré kọ ti ìsàlẹ̀, á fi ọwọ́ lu tábìlì. Lọ́jọ́ kan, Ṣúmékà nísàlẹ̀ kò lè mú un mọ́ra mọ́.

"Àǹtí, ẹ má bínú o. Ta lẹ ń bá jà lókè yẹn?"

"Èmi àtàwọn mẹ́ta kan ni."

"Ṣé wọ́n ti gbà pé àwọn jẹ̀bi?"

"Wọn ò tíì gbọ́ ẹjọ́ ni."

Ṣúmékà mi orí, ó padà sídìí òòlù rẹ̀.

Nígbà tó parí, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ da orin náà kọ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó sì kó o lọ ní ọjọ́ Sátidé. Dókítà yẹ ojú ìwé kìíní wò, ó yẹ ojú ìwé kejì, ó gbé ojú sókè. "Àǹtí! Ẹ̀yin náà?" Inú rẹ̀ dùn bí inú ẹni tí ọmọ ẹ̀ ya àwòrán fún. "Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ọ kí a tó ṣe iṣẹ́ gidi."

Apá kìíní lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Tíṣà ka iye rẹ̀ sínú bí ìṣe rẹ̀, àmọ́ nígbà tó yá kò kà mọ́, ó ń gbọ́. Ọ̀gá Póòsì gbà á lẹ́nu fíólà, ó parí gbólóhùn náà, ó sì dáwọ́ dúró.

"Àbúrò mi, ohùn yìí ń sọ nǹkan."

"Ẹ tẹ̀ síwájú, sà," ni Àǹtí Awò fèsì, àmọ́ ojú rẹ̀ ti ń ṣe omi.

Wọ́n dé apá kejì. Fíólà bẹ̀rẹ̀. Dókítà gbé ọ̀pá rẹ̀ sórí itan bí ìwé ṣe wí, ó ń mi ẹsẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ló gbé ọ̀pá sókè, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ta orin fíólà fúnra rẹ̀, lókè tente, ó ń fi ọ̀nà dídùn sí i, títí ohùn fíólà fi rì sábẹ́ tirẹ̀.

Àǹtí Awò dáwọ́ dúró. "Dókítà, sà, ẹ dákẹ́ níbẹ̀."

"Mo mọ̀. Mo kàn ń fi bó ṣe yẹ kó rí hàn yín ni. Orin dídùn báyìí, ẹ gbé e fún fíólà! Ta ni yóò gbọ́ ọ?"

"Bí ẹ bá dákẹ́, wọ́n á gbọ́ ọ."

Dókítà rọra gbé fáyólìn sórí tábìlì. Kò bínú, ohun tó le nínú ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Ohùn tó fi ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀ kó tó fa eyín ló fi bá a sọ ọ́.

"Àǹtí, àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Ọkọ̀ kì í ní awakọ̀ mẹ́rin. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ ṣáájú."

"Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, sà. Ti àgbàlagbà náà ò wọ kèrègbè. Ẹni tó bá kàn ló ń ṣáájú nínú orin yìí."

"Ó dáa. Ẹ gbé apá kejì fún fáyólìn kìíní. A máa ta á ní gbọ̀ngàn ìlú, a máa kọ orúkọ yín sí i. Ẹ gbọ́ mi? Orúkọ yín gan-an. Ṣé kì í ṣe ohun tí ẹ ń fẹ́ nìyẹn?"

Ó ronú sí i. Irọ́ ni béèyàn bá ní kò ronú sí i. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, orúkọ rẹ̀ kò tíì hàn lórí bébà kankan rí. Ṣùgbọ́n bó bá gbé ohùn náà kúrò lẹ́nu fíólà, kí ni orúkọ fẹ́ ṣe? Ìgbà yẹn ni á wá di pé òun fọwọ́ ara òun di kóòtù mú.

"Rárá, sà," ló wí. Ó kó bébà rẹ̀ jọ. Ọ̀gá Póòsì nìkan ni kò dá tirẹ̀ padà. Ó ti ká a sínú àpò kóòtù rẹ̀, ó sì ń wo òkè àjà bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó gbé fíólà rẹ̀, ó lọ bó ṣe máa ń lọ. Ó rò pé àwọn á jọ sọ ọ́, kó tán síbẹ̀. Láti ẹnu géètì ló ti ń gbọ́ orin. Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, ẹni mẹ́rin sì ni. Ó yọjú wo pálọ̀ láti ojú fèrèsé: ọkọ ọmọ Dókítà ló jókòó sórí àga rẹ̀, ọ̀dọ́kùnrin tó ń wọ́ fíólà bí ẹni ń fa ayùn. Ẹni gidi ti dé.

Ìyàwó Dókítà jáde sí i láti ìdáná, aṣọ ìnuwọ́ léjìká. Ojú tì í. "Ṣé wọn ò fóònù yín ni? Mo ní kí wọ́n fóònù o."

"Kò burú, mà."

"Ẹ jókòó kẹ́ ẹ mu omi."

"Mo dúpẹ́, mà. Mò ń kọjá lọ ni."

Obìnrin náà sìn ín dé géètì. Ó wo ẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Mo gbọ́ orin yín lọ́sẹ̀ tó kọjá, láti ìdáná. Mo gbọ́ ibi tí Dókítà ti dákẹ́." Ó ṣe bí ẹni fẹ́ rẹ́rìn-ín. "Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé yìí, n ò gbọ́ kó dákẹ́ rí. Mo kàn pa iná, mo dúró sójú kan."

Àǹtí Awò bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó sì lọ. Ọ̀nà tó gùn ló gbà padà sílé, nítorí kò mọ ohun tí òun fẹ́ fi ìyókù ọ̀sán náà ṣe.

Báyìí ni ọjọ́ Sátidé ṣe di ọjọ́ tí kò ní ìdí. Ó ti fíólà bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó fọ aṣọ tí kò dọ̀tí, ó nu fèrèsé tó ti nù. Bí ẹnìkan bá kan ilẹ̀kùn nísàlẹ̀, á dìde, á gbọ́ tí Ṣúmékà bá oníbàárà rẹ̀ dúnàá-dúràá, á sì tún jókòó. Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé láti ìgbà tó bá ti kúrò níbi iṣẹ́ títí tí á tún fi padà síbẹ̀, kò ní gbọ́ ohùn ara rẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ wá kí i. Ó ti di baba onílé, bọ́ọ̀lù ti di ìtàn, ikùn ti yọ. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó káwọ́ lérí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n láwọn máa kọ orúkọ yín síbẹ̀, ẹ ní rárá?"

"Mo ní rárá."

"Nítorí ibi tí ẹnìkan á ti dákẹ́? Ẹ̀yin ti dákẹ́ fún wọn tó ìgbà wo? Kí lẹ fi dákẹ́ nígbà yẹn?"

"Mi ò mọ̀ pé mò ń dákẹ́ ni. Mo rò pé mò ń dúró kó kàn mí."

Nígbà tí àbúrò rẹ̀ fẹ́ lọ, ó dúró lórí àtẹ̀gùn, ó ní, "Èmi ni mò ń sá fún olùkọ́ yẹn. Ẹ̀yin ni bàbá ì bá ra fáyólìn fún." Ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí máa sọ ọ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn, ó sì tún dùn ún. Nígbà tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dún tán lórí àtẹ̀gùn, yàrá náà tún dákẹ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, ó gbọ́ nǹkan tó ń gbá ògiri àtẹ̀gùn, gbì, gbì, pẹ̀lú èémí bí ti ẹni ń wa kòtò. Ó ṣílẹ̀kùn. Ọ̀gá Póòsì ni, tòun ti ṣẹ́lò rẹ̀, òógùn bò ó.

"Àbúrò mi," ló wí, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, "ilé yín yìí ga ju ọ̀run lọ."

Ó jókòó, ó mu omi, ó tún mu òmíràn. "Mi ò lè fi wọ́n sílẹ̀. Láti kékeré lèmi àti Dókítà ti ń bọ̀. N ò níí purọ́ fún yín. Lọ́jọ́ fọ́tò yẹn náà, ó yẹ kí n sọ̀rọ̀, n ò sì sọ̀rọ̀." Ó yọ bébà orin kan jáde nínú kóòtù, ó ti rún. "Ṣùgbọ́n àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Mo ti ń dá tèmi ta nílé, kò dún bí nǹkan kan. Ẹ gbé tiyín."

Àǹtí Awò fa fíólà jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Okùn fíólà ti dẹ̀. Ó tún un fà. Ohùn méjì péré ni wọ́n fi ta orin ohùn mẹ́rin. Níbi tó bá kan àwọn méjì tí kò sí níbẹ̀, wọ́n á dúró, wọ́n á máa ka iye rẹ̀ sínú, wọn ò sáré kọjá. Ṣúmékà tó wá mú irinṣẹ́ tó gbàgbé sí ṣọ́ọ̀bù kò kanlẹ̀kùn lọ́jọ́ náà, kò sì béèrè nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n ta á tán, Ọ̀gá Póòsì ní ọmọ òun obìnrin ń kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ orin ní ìlú ńlá. Ó ní kó jẹ́ kí òun fi orin náà ránṣẹ́ sí i.

"Wọn ò ní yí i padà?"

"Bí wọ́n bá yí i padà, kí n gun àtẹ̀gùn yìí lójoojúmọ́."

Wọn ò yí i padà. Nígbà tí ọjọ́ tí wọ́n máa ta á pé, orúnkún Ọ̀gá Póòsì kò jẹ́ kó lè rìn, Àǹtí Awò sì dá wọ ọkọ̀ ojú irin lọ. Gbọ̀ngàn náà kò tóbi. Àwọn òbí, àwọn akẹ́kọ̀ọ́, àwọn arúgbó tó fẹ́ ibi tó móoru. Ọ̀dọ́ mẹ́rin bọ́ síta, obìnrin méjì, ọkùnrin méjì. Ọmọbìnrin tó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀ ló gbé fíólà. Wọn ò jókòó ní ìlà kan tí ẹnìkan á fi ṣíwájú. Wọ́n jókòó bí àbọ̀ òṣùpá, wọ́n kojú síra.

Ó ti gbọ́ orin náà lọ́kàn rẹ̀ lọ́nà tó pọ̀, àmọ́ kò gbọ́ ọ lọ́nà yìí rí. Nígbà tí wọ́n dé apá kejì, ọ̀dọ́kùnrin tó ń ta fáyólìn kìíní gbé ọ̀pá rẹ̀ sórí itan, ó sì yí gbogbo ara rẹ̀ sí ọmọbìnrin onífíólà. Ojú rẹ̀ kò le, kò mi ẹsẹ̀, kò dà bí ẹni tí wọ́n gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kàn ń gbọ́ ọ, inú rẹ̀ sì ń dùn. Àǹtí Awò fi ọwọ́ bo ẹnu. Ohun tó fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ jà fún, ọmọ yìí rò pé bẹ́ẹ̀ ni ayé ṣe máa ń rí.

Wọ́n pè é dìde, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Lẹ́yìn náà àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yí i ká, wọ́n ń béèrè bóyá àwọn sáré jù níparí. Wọ́n ní, "Mà, ẹ bá wa lọ jẹun." Ó ní ọkọ̀ òun ò ní pẹ́ lọ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ọkọ̀ mìíràn ṣì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó rí bí wọ́n ṣe ń já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu ara wọn, bí ẹnìkan ṣe ń mú àpótí ẹnìkejì láì wò ó. Ẹni mẹ́rin ni wọ́n, wọ́n sì ti pé.

Ọmọbìnrin onífíólà náà sáré bá a lẹ́nu ọ̀nà. "Mà, nígbà tí ẹ ń kọ ọ́, ta lẹ rò pé á ta fíólà?"

"Èmi ni," ló wí. Nígbà tó rí i pé ojú ọmọ náà yí padà, ó fọwọ́ kàn án léjìká. "Àmọ́ o mọ̀ ọ́n ta jù mí lọ. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á lọ́wọ́ rẹ."

Ọ̀rọ̀ ayẹyẹ náà dé ìlú. Dókítà pàdé rẹ̀ lójú pópó, ó ṣí fìlà fún un, ó ní òun gbọ́ pé orin náà lọ dáadáa. Àǹtí Awò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó béèrè àlàáfíà ìyàwó rẹ̀, oníkálukú sì bá tirẹ̀ lọ. Dókítà kò ní kó padà wá. Òun náà kò béèrè. Bí Ọ̀gá Póòsì kò ṣe lè gun àtẹ̀gùn mọ́, òun ló ń gbé fíólà lọ bá a ní ọjọ́ Àìkú, ó sì ti ń kọ orin tuntun kan, fún ohùn méjì.

Ọjọ́ Àìkú ti sàn. Iṣẹ́ náà kò burú. Ó ti gbé bébà síwájú ọ̀gá rẹ̀ pé òun náà fẹ́ dupò olórí yàrá tó bá tún ṣí sílẹ̀, ọ̀gá náà ṣì ń ka bébà náà lọ. Ọjọ́ Sátidé ni kò tíì rọrùn. Tí ọ̀sán bá ti yẹ̀, tí ojú pópó dá, ó mọ̀ pé wọ́n ti ń to àga níbì kan, ọwọ́ rẹ̀ á sì máa wá nǹkan tí á gbé.